Òpó Iná Tó Wà Láàárín Wa

Òjòwú ni mí. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi kó tó fẹ́ mi, ó rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tá a wà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí pé ilé kún, ojú pọ̀, kò sì sí obìnrin tó lè bá ọkọ mi tage kí ẹnì kan nínú àwọn àǹtí mi má gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Toronto yàtọ̀. Ní Scarborough tá à ń gbé, èmi, òun àti ọmọ wa obìnrin nìkan la wà nínú fúláàtì wa. Bí ọkùnrin bá ti wọ bàtà tó ní òun ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ ṣọ́ ọ.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ni, Newmarket ló ń gbé, kò tíì lọ́kọ, mo sì fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. "Àǹtí" ló ń pè mí, "Uncle" ló ń pe ọkọ mi, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí àwa méjèèjì lójú gbogbo ìjọ. Kò sí ohun kan tí mo lè tọ́ka sí pé ó ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní ó ń wọ aṣọ tó há mọ́ ọn lára ni, tàbí tó ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Àmọ́ jẹ́jẹ́ ló ń ṣe, eyín rẹ̀ funfun, owó ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ra RV.

Ọkọ̀ gígùn kan báyìí ni, àlòkù, tí wọ́n kọ́ yàrá, kíṣìnnì àti ilé ìwẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ilẹ̀ Kánádà kí eegun òun tó le. Èmi tí mo ti ń bẹ ọkọ mi pé kó kàn gbé wa jáde kúrò ní Scarborough lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà ooru, mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín, mo ní "Congratulations o."

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ó béèrè bóyá a mọ ẹni tó mọ̀ nípa iná RV. Ọkọ mi ní òun mọ̀ ọ́n. Ẹnu yà mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń ṣe lọ́fíìsì, èmi ni mo sì máa ń pààrọ̀ gílóòbù nílé wa. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sí Sátidé tí kì í lọ sí Newmarket. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, á gbé fóònù síwájú, á máa wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi RV rin ìrìn àjò. Ó ń pe àǹpíà, ìwọ̀n agbára iná, bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, "ẹ̀n-ẹ́n" ni mo máa ń gbà lésì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, inú mi sì dùn títí mo fi gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní iná àwọn kámpù tí wọ́n ń gbé RV lọ kò ṣeé gbára lé. Ó ní òpó tí wọ́n ti ń fa iná lè ti gbó, kí òjò wọnú rẹ̀, kí wáyà tó wọlẹ̀ já, tàbí kí ẹni tó dì í ti ki wáyà kan bọ ojú èkejì, iná á sì gba ara irin ọkọ̀ jáde. Nítorí náà ló ṣe ní kí obìnrin náà ra àpótí kékeré kan, tó máa wà láàárín òpó àti ọkọ̀. Àpótí náà ló máa kọ́kọ́ yẹ iná wò. Bí iná bá dáa, á tan iná àwọ̀ ewé, á sì jẹ́ kó kọjá. Bí kò bá dáa, á pọ́n, kò sì ní gbà.

Mo ní, "Stabilizer náà nìyẹn."

Ó ní, "Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ." Bó ṣe sọ ọ́, ṣe ló dà bíi pé mo fi ẹnu yẹpẹrẹ nǹkan mímọ́.

Nígbà tí ìsinmi oṣù kẹjọ dé, obìnrin náà ní ká jọ lọ sí kámpù. Kì í ṣe kámpù ìsọjí o. Oko tó wà létí adágún omi kan lápá òkè Newmarket ni, táwọn èèyàn máa ń sanwó kí wọ́n lè lọ sùn síbẹ̀. Ọmọ mi fò sókè. Mo gbà láti lọ nítorí pé mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí ọkọ mi ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Àwa pàgọ́, obìnrin náà gbé RV tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa, òpó iná sì wà láàárín àgọ́ wa àti ọkọ̀ rẹ̀.

Ooru ọjọ́ yẹn pọ̀. Ọkọ mi gbé àpótí náà jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó kì í bọ òpó, ó pọ́n. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún pọ́n. Obìnrin náà dúró lẹ́bàá rẹ̀, ó ń fi àwo oníìwé fẹ́ ara rẹ̀.

"Uncle, àbí àpótí yẹn ti bàjẹ́ ni?"

Mo wo ojú ọkọ mi. Ó yẹ kó lọ sí ọ́fíìsì kámpù kó ní kí wọ́n wá wo òpó wọn. Ojú ń tì í. Ló bá sọ ohun tí gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ wa máa ń sọ bí stabilizer bá ti ń yọ wọ́n lẹ́nu: "Jẹ́ ká yọ ọ́, ká kì í direct. Canada la wà, kì í ṣe NEPA."

Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ pé àpótí yẹn kì í purọ́?"

Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Owú yìí náà ni, àbí? Jọ̀ọ́, fún mi láyè."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lára nítorí pé òótọ́ ni. Owú ni lóòótọ́, àmọ́ mo tún mọ ohun tí mo ń sọ. Mo yà kúrò lọ́nà fún un. Ó ki wáyà bọ òpó tààrà, ẹ̀rọ amúlétutù bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Uncle, you're too much!" Ọkọ mi fi áńkáṣíìfù nu ojú bí ẹni tó dá Kainji kọ́.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin náà wá bá wa jẹ ìrẹsì níwájú àgọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó o, ọkọ̀ mi ti di fíríìjì Ìbàdàn. Bí mo bá di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, iná á máa gbé mi díẹ̀díẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ta ni nínú wa tí fíríìjì kò gbé rí? Nílé bàbá mi, sílípáàsì kan wà nídìí fíríìjì tí wọn kì í wọ̀ lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù á kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọkọ mi ní, "Máa wọ sílípáàsì."

Ó ní òun ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwa àgbàlagbà mẹ́ta tá a kàwé, a jókòó, a ń jẹran, a ò rí i pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi nìkan ló béèrè pé, "Is it supposed to do that?" A ní kó jẹun rẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, mo jókòó sídìí sítóòfù, mo ń po ògì, mo rí obìnrin náà tó ń bọ̀ láti ilé ìwẹ̀ kámpù, nítorí pé omi ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́, táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀. Sílípáàsì rẹ̀ ti kó ẹrẹ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣe ohun tí èmi náà ì bá ṣe, ohun tí ìyá gbogbo wa kọ́ wa. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ kó má bàa kó ẹrẹ̀ wọlé. Ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí koríko tútù, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Kò jù ú sílẹ̀. Kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ là, apá rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọkọ mi ń fọ eyín lẹ́bàá àgọ́. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì nù, ó sáré sí i.

Mo kígbe pé, "Má fọwọ́ kàn án!"

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó dúró gbọnin. Mo fò dé ìdí òpó, mo já súíìṣì rẹ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà yọ, ó jókòó pẹ̀ẹ́ sínú ẹrẹ̀. Ó ń mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, mi ò fẹ́ kó kú.

Ìgbà náà ni ọkọ mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà mú, ó pe oríkì rẹ̀.

Kì í ṣe orúkọ tá a mọ̀ ọ́n mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Oríkì ni, èyí tí ìyá ẹni fi ń pe ẹni nígbà tí ara ẹni ò bá yá. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lórí súíìṣì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń pè é léraléra. Mi ò rántí ìgbà tó pe tèmi gbẹ̀yìn.

Obìnrin náà ní òun gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ọkàn òun wò. Ọkọ mi ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wa. Obìnrin náà ní, "Rárá. Àǹtí ni kí wọ́n gbé mi lọ."

A jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n, kò sí nǹkan mìíràn lára rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Mo fẹ́ bi í bí oríkì rẹ̀ ṣe dé ẹnu ọkọ mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ bá mi sọ fún Uncle kí wọ́n má wá ní Sátidé mọ́."

Mo wò ó.

"Mo ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi. Mo ní mo wà ní shift, wọ́n ní àwọn á dúró dè mí. Mo ní mo ti rí mechanic, wọ́n ní á rẹ́ mi jẹ. Mi ò fẹ́ yájú sí wọn ni. Wọ́n bi mí ní oríkì mi, mo sọ fún wọn, mi ò mọ̀ pé wọ́n á máa fi pè mí. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́?"

"Rárá o, Àǹtí. Ọlọ́run gbọ́. Wọ́n kàn máa ń jókòó. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọ́n á jókòó sórí àga kíṣìnnì ọkọ̀ yẹn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ Ìbàdàn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti gbọ́ tiwọn."

Ká ní ó ń gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Mo ti ṣètò ìjà yẹn láti oṣù bíi mélòó kan. Obìnrin yìí kò gbà á. Ọkọ mi ló ń gbé ara rẹ̀ lọ fún un ní gbogbo ọ̀sẹ̀, obìnrin náà sì ń wá bó ṣe máa dá a padà láìrí mi fín. Ní orí ìjókòó ilé ìwòsàn yẹn, mo ń jowú àga kan tí mi ò jókòó sí rí.

Dókítà ní kò sí ewu. Nígbà tá a padà dé, òṣìṣẹ́ kámpù ti ṣí òpó náà. Ó ní wáyà tó wọlẹ̀ ti já, wọ́n sì ti ki àwọn tó kù sí ojú ara wọn. Wọ́n ti wọ́ RV náà lọ síbòmíràn. Àpótí náà wà nídìí òpó tuntun, ó tan iná àwọ̀ ewé. Ọkọ mi ti tú àgọ́ wa, kò wo ojú mi.

Nígbà tá a ń bọ̀ nílé lórí òpópónà 404, ọkọ mi ló ń wakọ̀. Ọmọ wa ń tẹ fóònù lẹ́yìn.

"Kí ló sọ fún ọ níbẹ̀?"

"Ó ní a ṣeun."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi ló ń rín in sí tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ìyẹn nìkan ló sọ?"

"Ó ní kó o má wá ní Sátidé mọ́."

Mo dúró de ìjà. Mo fẹ́ kó ní irọ́ ni, kó ní owú mi ló dá a sílẹ̀, kó pariwo mọ́ mi. Kò béèrè ìdí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. A dé Finch níbi tó yẹ ká ti yà kúrò lórí òpópónà, ó kọjá. A dé Sheppard, ó kọjá.

Ọmọ wa gbé orí sókè. "Daddy, you missed our exit."

Mo yíjú wo ọkọ mi, mo rí omi lójú rẹ̀. A sin bàbá rẹ̀, kò sunkún. Ọjọ́ tí mo bí ọmọ tí wọ́n ní mi ò ní yè é, kò sunkún. Mo na tíṣù sí i, ó gbà á, ó ní, "O ṣeun," bí ẹni tí ń bá èrò ọkọ̀ tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.