Ẹ̀wù ayẹta tí mo rán lónìí

Ẹ̀wù ayẹta sójà kan ni mo tún rán lónìí, ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Oníbàárà mi ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Zongo lọ́sàn-án, ó ní okùn èjìká rẹ̀ já, ọ̀la ni wọ́n sì ń padà sójú ogun.

Èmi kì í rán aṣọ tó já láì tú ojú rírán rẹ̀ wò. Mo tú u. Irin pẹlẹbẹ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Fóòmù àti páálí ni mo bá.

Mo fi hàn án. Ó tì í padà síwájú mi.

"Bàbá Tẹ́là, ẹ rán an padà."

"Ọmọ mi, ṣé páálí ló máa dá ọta dúró?"

"Mo ti fọwọ́ síwèé pé pípé ni mo gbà á. Tí wọ́n bá rí i pé a tú u, wọ́n á ní èmi ni mo yọ irin rẹ̀ tà."

Rédíò mi ń sọ lọ́wọ́ pé owó yureniọ̀mù, ohun àlùmọ́ọ́nì tí àwọn òyìnbó ń wà lọ nílẹ̀ wa, ti di tiwa báyìí, ààbò ìlú la ó fi ṣe. Ọ̀gá tó gba àwọn ẹ̀wù yìí fún ìjọba lọ́wọ́ ẹni tó tà wọ́n ńkọ́, ṣé òun náà fọwọ́ síwèé? Ta ló ń bi í?

Mo rán an. Ó gbé e wọ̀, ó ní, "Ó kúkú fúyẹ́," ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa rán an?