Ẹsẹ̀ Bẹ́ẹ̀dì Tí Jẹ́nsinmi Sùn Sí

Abẹ́ igi máńgòrò ni Fọláyan kọ́kọ́ máa ń so ajá rẹ̀ mọ́ bí ó bá lọ wo àbúrò ìyá rẹ̀ nílé àwọn arúgbó. Nígbà tí àbúrò ìyá náà kú, gbogbo èèyàn rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò. Ọkọ Fọláyan ti kú, Reine ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kútọnu, ilé sì dákẹ́ jù. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ó bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Odomèta tó lọ sílé àwọn arúgbó, ẹ̀kọ àkàsà nínú abọ́ lórí, ajá lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rán an. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un.

Ajá ọdẹ ni ajá náà, ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Jẹ́nsinmi ni ọkọ náà sọ ọ́, nítorí aládùúgbò kan tó máa ń bá a fa ọ̀rọ̀ ààlà oko. Bí ó bá ti fẹ́ bá aládùúgbò náà wí, yóò pe ajá rẹ̀.

Yàrá gígùn kan ni ilé àwọn arúgbó náà, lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré, bẹ́ẹ̀dì mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Àwọn màsẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ìjọ Páádì, ló kọ́ ọ. Nígbà tí Ìyípadà dé, tí àwọn sójà gbàjọba, ìjọba gba ilé, àwọn màsẹ́ẹ̀ kó ẹrù wọn lọ, àwọn ará ìjọba sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sára ògiri. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó lè kà á. Lórí òkè Kétu, a kì í gbé arúgbó ẹni fún àjèjì tọ́jú. Ẹni tí o bá rí níbẹ̀, ohun kan ló gbé e débẹ̀: kò bímọ, tàbí àwọn ará ilé rẹ̀ ti pè é ní àjẹ́, tàbí ó pẹ́ lájò títí ilé fi gbàgbé ojú rẹ̀.

Èṣùgbàyí wà nínú àwọn tó pẹ́ lájò. Ogójì ọdún ló fi ro oko kòkó ní ìhà Kùmásì. Nígbà tí wọ́n lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ará Àṣàntí kò bá a wá. Ó dé Kétu, ó bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n sì bi í léèrè ìgbà tí yóò padà lọ.

Oṣù mẹ́ta ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òkèlè méjì, ó ti kọjú sí ògiri. Célestine, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ibẹ̀, ti fọwọ́ lérán lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò já lu Jẹ́nsinmi lábẹ́ máńgòrò. Ó já okùn, ó sáré wọlé, omi ń ro lára rẹ̀, ó sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Èṣùgbàyí lọ. Célestine mú ìgbálẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ohùn kan wí.

Gbogbo yàrá yíjú. Èṣùgbàyí ti na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orí ajá náà, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Faransé, kì í sì í ṣe Fọ̀n. Èdè Àṣàntí ni. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó dìde jókòó, ó ní kí wọ́n gbé àkàsà wá. Ó jẹ ẹ́ tán.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí ní Kútọnu," Célestine wí. "Ajá ló wá ń kọ́ mi báyìí. Ìyá Reine, ẹ máa mú un wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ máa wẹ̀ ẹ́ ná."

"Tàńtí, omi wo ni n ó fi wẹ ajá?" ni Fọláyan bi nọ́ọ̀sì náà.

Ọ̀rọ̀ gidi ni, torí omi ṣọ̀wọ́n ju ọtí lọ lórí òkè yẹn. Síbẹ̀, ní gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Fọláyan ń wẹ ajá rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ìdí kànga ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyàwó ọdẹ, ṣé ọkọ tuntun lò ń wẹ̀ yẹn?"

Báyìí ló ṣe di iṣẹ́. Ajá náà a máa ti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, wọn a fọwọ́ pa á lára, lẹ́yìn náà a lọ jókòó ti Èṣùgbàyí. Ìyá Agathe, tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ìsinmi, ní, "Ajá yìí gbọ́ràn ju ọkọ tí mo fẹ́ lọ. Kì í sì í mutí." Barnabé, aṣojú kòmítẹ́ ìlú, wá wò wọ́n, ó kọ orúkọ Fọláyan sínú ìwé, ó ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún orílẹ̀-èdè nìyẹn, kí àwọn yòókù fi ṣe àwòkọ́ṣe. Èṣùgbàyí sanra díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kí èèyàn.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, ètè ń bẹ́, ìbora ò sì kárí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Jẹ́nsinmi kò jókòó ti Èṣùgbàyí mọ́. Ó lọ sùn ti Ṣàngódélé tó fọ́jú. Ní ọjọ́ kẹrin, Ṣàngódélé kú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ajá náà sùn ti ìyá kan tí wọ́n gbé wá láti Idigny. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú bá ìyẹn láyé.

Fọláyan mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ajá rẹ̀ ń sùn nílé. Ẹni tí ibà ń ṣe, ara rẹ̀ ń jó bí ààrò, ibẹ̀ ni ajá tí òtútù ń mú ń lọ. Ó sọ fún Célestine, Célestine sì gbà. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ń wá àjẹ́ kiri ni ọdún náà, tí orúkọ àwọn ìyá arúgbó ń jáde nínú rédíò. Àwọn méjì lára àwọn tó wà nínú yàrá yẹn, irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀ ló lé wọn kúrò nílé. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ wọn sókè nígbà tí ajá ń kọjá.

Ọjọ́bọ̀ kẹta, Jẹ́nsinmi wọlé, ó dúró, ó gbóòórùn, ó sì lọ tààrà sí ìdí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Agathe. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀ láti àná.

"Ẹ gbà mí o!" Agathe pariwo. "Ó ti dọ́dọ̀ mi!"

"Ìyá, òtútù ló ń mú un."

"Òtútù ikú ni! Fọláyan, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Àwọn yòókù ń wo Fọláyan. Ó rí ojú wọn, ó sì mọ irú ojú tí ó jẹ́. Ó wá rò ó pé bí ajá náà bá sùn ti ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ẹni náà kò sì kú, ọ̀rọ̀ parí. Ta ni ara rẹ̀ le ju ti Èṣùgbàyí? Ta ló tún fẹ́ràn ajá náà tó o? Ó gbá okùn ọrùn rẹ̀ mú. Ajá náà kọ̀, èékánná rẹ̀ ń ha sìmẹ́ńtì. Fọláyan wọ́ ọ gba àárín yàrá kọjá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Èṣùgbàyí.

"Ẹ wò ó. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló wà báyìí. Kí ni yóò ṣe Bàbá?"



Ọmọ kékeré lórí òkè Kétu mọ̀ pé bí a bá gbé àrùn kúrò lára ẹnì kan, ó di dandan kí a wá ibi tí a ó gbé e sí. Ẹran la fi ń gbé e. Oríta la ń gbé e lọ, tàbí inú igbó. Fọláyan náà mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó rí ojú Èṣùgbàyí ló tó rántí.

"Fọláyan," bàbá náà wí, láì gbé ohùn sókè, "èmi lo wá yàn?"

Ó rẹ́rìn-ín, pé kí bàbá náà lè bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín.

Célestine gún Agathe lábẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àti ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ibà ti lọ, Agathe ń béèrè ẹran. Nígbà tí Fọláyan tún dé, obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Olúwa á san án fún ọ. O gbà mí. Ẹni tó tó láti lọ náà lo sì gbé e fún. Kò lọ́mọ, kò láya."

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni."

"Mo gbọ́. Abẹ́rẹ́ ni." Ó ṣẹ́jú sí i.

Barnabé dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bá àwọn arúgbó wí: Ìyípadà kò gba ìgbàgbọ́ asán láyè, ajá kì í pín ikú, kamaradi Fọláyan kò sì ṣe nǹkan burúkú kankan. Lẹ́yìn náà ló pe Fọláyan sẹ́yìn ilé. Ajá náà sún mọ́ ọn, Barnabé sì fẹ̀yìn rìn.

"Ìyá Reine, ìyá mi wà nílé, ara rẹ̀ ò yá. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ má gba ojúde wa."

Èṣùgbàyí kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Ó ń kí Fọláyan bó ti ń kí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò kọjá ètè rẹ̀ mọ́. Célestine bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó po ògì, ó fi ṣíbí tì í sí i lẹ́nu. Bàbá náà tu ú jáde sínú aṣọ, ó ní kí nọ́ọ̀sì má bínú. Fọláyan fi ajá sílé lọ́sẹ̀ kan, bóyá ọkàn bàbá náà yóò balẹ̀. Bàbá náà béèrè rẹ̀.

"Níbo lo fi í sí?"

"Ó wà nílé, Bàbá. Mi ò ní í mú un wá mọ́. Ẹ jẹun."

"Ṣé bí o bá fi í sílé, ohun tó gbé wá ti bá a padà ni? Mú un wá, Fọláyan. Òun nìkan ló gbọ́ èdè mi níbí."

Ó mú un wá. Kí ni kì bá ṣe? Ó ra àkàsà, ó wá ẹja díndín sí i, ó tú ewé rẹ̀ sórí ìbora. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí bàbá náà na ọwọ́ sí i. Èṣùgbàyí bu díẹ̀, ó fún ajá. Ó bu òmíràn, ajá náà ló fún. Ó ń bá a sọ èdè Àṣàntí rẹ̀ bí ó ti ń bù ú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí àkàsà fi tán, títí ẹja fi tán. Ó nu ọwọ́ sára ìbora, ó sì dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ ọjà Kétu ló kú, ní ọ̀sán, ara rẹ̀ tutù, kò sí ibà kankan. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnu yà. Agathe ṣe àmì àgbélébùú.

Célestine ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Fọláyan dé.

"Ebi ni, Ìyá Reine," ó wí. "Ohun tí mo kọ sínú ìwé nìyẹn. Ebi ló pa á."

"Mo mọ̀. Ta ló febi pa á?"

Célestine yí mátírẹ́ẹ̀sì náà sí òdìkejì. Níta, àwọn ọkùnrin méjì ń sọ ìyá arúgbó kan kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń béèrè bóyá àyè ti ṣí.