Apá Tí Kò Wú

Òórùn tàdáwà ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìwó, kì í ṣe àkùkọ. Tàdáwà ni yíǹkì dúdú tí Bàbá àgbà, tó jẹ́ àfáà, fi ń kọ̀wé sára wàláà fún àwọn ọmọ kéwú. Yàrá wọn ni mo ń sùn, lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, nítorí èmi ni mo ń bu omi àlùwàlá fún wọn. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, màá kúnlẹ̀, wọn á ka àdúà, wọn á sì fẹ́ ẹ sí mi lórí. Atẹ́gùn díẹ̀ ni, itọ́ ló pọ̀ jù. N kì í nù ún. Ta ló ń nu àdúà nù?

Lọ́dún kan, ikọ́ bá wọn dá sí àdúà náà. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ikọ́ á bá wọn parí ẹ̀. Wọ́n ní ọyẹ́ ló fà á. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ikọ́ ò lọ, Bàbá sì ń rù. Ìyá mi, tí í ṣe ìyàwó ọmọ wọn, ló kúnlẹ̀ níwájú wọn lọ́jọ́ kan. "Bàbá, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tótó, ó ṣe bí òwe o. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́kadà wá.

Ikọ́ ife ni. Nọ́ọ̀sì ní wọn á lo oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ká máa ṣí fèrèsé, kí ọmọdé kankan má sì sùn tì wọ́n mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ká ẹní mi jáde. Mo sunkún bí ìyàwó tí wọ́n lé nílé ọkọ.

Wọ́n wá gún gbogbo ará ilé lábẹ́rẹ́ kékeré kan lápá. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé tí ojú ibẹ̀ bá wú, kòkòrò ikọ́ ti wọlé sára onítọ̀hún nìyẹn, bó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ó kàn ń sùn síbẹ̀ ni. Ohun tí èmi gbọ́ yàtọ̀. Mo rò ó pé ohun tó ń jáde lẹ́nu Bàbá ló ń wọ ara èèyàn, ẹnu yẹn náà sì ni àdúà ń gbà jáde. Ni mo bá jókòó, mò ń retí kí apá mi wú.

Apá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, wú, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń sá fún àdúà àárọ̀. Apá Ìyá Kúta, àbúrò Bàbá tó wá kí wọn láti Kúta, náà wú. Tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ. Múfú gbé apá sókè kiri ilé bí ẹni tó ra aago tuntun, ó ní, "Àdúà Bàbá ò dá ẹ mọ̀."

Àwọn àgbà ń yọ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn du ọpẹ́. Ìyá mi ní àgbo òun ni. Ìyá Kúta ní oyin tí àwọn ń fún mi lá ni, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ń lá oyin ọ̀hún, apá tiwọn sì wú. Nọ́ọ̀sì tún abẹ́rẹ́ náà gún nígbà tó yá, kò wú síbẹ̀. Ó ní òun ò mọ ìdí ẹ̀. Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé inú ilé kan náà ni wọ́n bá aláìsàn gbé, tí kòkòrò náà ò sì ríbi jókòó lára wọn.

Mo lọ dúró níta lẹ́bàá fèrèsé Bàbá, mo ń sunkún. "Bàbá, àdúà yín ò wọ̀ mí lára."

Wọ́n kọjú sí mi. Aṣọ wà lẹ́nu wọn. "Sílífá, tó bá jẹ́ pé àdúà ló ń wú ni lápá, ṣé apá tèmi á ṣe é kì bọ dàńṣíkí?" Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó wọ̀ ọ́ lára. Bóyá òun ló ń lé kòkòrò ikọ́. Tẹ́wọ́." Wọ́n ka àdúà látibi tí wọ́n jókòó sí, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí èmi fúnra mi fẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kí n fi pa orí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ara wọn fi yá pátápátá, tí ẹní mi sì padà sí yàrá wọn.

Bàbá ti kú, ikú ọjọ́ ogbó. Lọ́dún tó kọjá, Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ pé ẹ̀yìn ilé lòun ń ju oògùn tí wọ́n fún òun nígbà tápá òun wú sí, èyí tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò tó ń sùn náà jí. Ọ̀dọ̀ mi ló gbé títí tó fi gbádùn. Wọ́n tún gún mi lápá. Dókítà ní àwọn onímọ̀ rò pé ẹ̀ṣọ́ ara àwọn kan máa ń pa kòkòrò náà lẹ́nu ọ̀nà kó tó ráyè jókòó, pé ó lè jẹ́ àjogúnbá, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí ìdí ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí n má tìtorí ẹ̀ ti fèrèsé o.

Ọmọ ọjọ́sí fẹ́ kí apá òun wú. Ìyá ọlọ́mọ tí mo dà lónìí ń bẹ Ọlọ́hun kó má wú, kò sì wú. Inú mi dùn. Síbẹ̀, kí n tó jáde nílé ìwòsàn, mo fọwọ́ wá ojú ibẹ̀ títí, bóyá mo lè rí ibi tó ga díẹ̀. Mo wá tẹ́wọ́, mo ka àdúà, mo fẹ́ ẹ sí i, mo fi pa orí ara mi, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá mi kà á mọ́.