Bọ̀dá Julius Kọ̀ Láti Kúrò Lẹ́sẹ̀ Òkè Oníná

Bi àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní àdúgbò Hulme ní Manchester, wọ́n á ní Olúbùsọ́lá ò níṣẹ́ méjì ju àwàdà lọ. Irọ́ ni. Láàárọ̀, ó ń nulẹ̀ ní Manchester Airport. Lọ́sàn-án, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkè oníná ní yunifásítì. Ọmọ tó ń sá fún sítóòfù! Òkè tó ń ṣọ́ jù ni Òkè Kamẹrúùnù, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni àbúrò ìyá ẹ̀, Bọ̀dá Julius, kọ́lé sí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ àpáta yíyọ́. Bùsọ́lá wo àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run. Ó pe Bọ̀dá.

"Ẹ káàsán sà. Ìjọba ti ní kí ẹ kúrò níbẹ̀. Kí lẹ tún ń dúró ṣe?"

"Ìwọ ni ìjọba? Nígbà tó yọná kẹ́yìn, ẹ̀yìn ọgbà mi ló gbà lọ sínú òkun. Mo mọ ọ̀nà ẹ̀."

"Iná ọjọ́ yẹn ti di àpáta, ó ti dí ọ̀nà náà pa. Èyí tó ń bọ̀ á wá ọ̀nà míì ni, pálọ̀ yín ló sì dojú kọ."

"Ọmọ àná! Nínú òtútù Manchester lo ti fẹ́ fi iná hàn mí?" Ó pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Iná náà ń rìn bí ìgbín, àmọ́ ìgbín tí kì í yà fún ògiri. Bùsọ́lá pe Màmá Oyèmọ́lá, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ àti ti Bọ̀dá, ní ìlú Duala, tó jìnnà sí òkè náà.

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó," ni Màmá wí. "Julius kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹjọ́ nìkan ló ń gbé e dìde."

"Màmá, tí mo bá bú wọn ńkọ́?"

Màmá mí kanlẹ̀. "Bú u dáadáa."

Bùsọ́lá kúnlẹ̀ kó tó pe Bọ̀dá, torí ẹ̀rù àgbà ń bà á. "Ẹ má bínú sà. Àgbàyà ni yín. Orí yín le ju òkè yẹn lọ."

Ariwo tí Bọ̀dá pa, Hulme fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ láìsí fóònù. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ bú ẹ?" ni Màmá wí. "Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Wá jókòó síwájú mi, ká dá ẹjọ́ náà lójúkojú."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bọ̀dá wọkọ̀ lọ sí Duala. Ó mú ìyàwó ẹ̀ dání, kó wá jẹ́rìí sí èébú náà. Màmá ò sì tètè dá ẹjọ́: lónìí, ẹsẹ̀ ń dùn ún, lọ́la, oorun ń kùn ún. Lọ́jọ́ kẹta, iná gba kíṣìnnì wọ ilé Bọ̀dá, ó gba pálọ̀ jáde.

Bùsọ́lá pè wọ́n lórí fídíò, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹnu burúkú ẹ ló pe iná wá sílé mi!"

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Mi ò dárí jì ẹ́!"

Kò tíì dárí jì í di òní. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń pè láti bú u. Bùsọ́lá kì í jẹ́ kí fóònù náà dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e.