Oògùn Tó Wà Lára Àgbàdo Ìjọba

Ní Ìsundunrin nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo ilé kan dára kì í lọ wo oko, àjà ìdáná ló ń wò. Àjà Ìyá Dúrójaiyé dúdú kirimú fún èéfín, irúgbìn tó so ní ìdì-ìdì sì kún ibẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣà á lọ́dọọdún, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Irú tí ìyá tirẹ̀ dì lẹ́rù láti ìlú Ara nígbà tó wá ilé ọkọ ni. Ènìyàn lè tọrọ aṣọ ọrùn ìyá yìí kó rí i gbà, ṣùgbọ́n kó má tọrọ irúgbìn.

Matthias, ọmọ rẹ̀, ló ń gbìn ín. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ṣùgbọ́n ó ní àrùn tí gbogbo àgbẹ̀ ní: kò lè rí oko olóko kó má fi wé tirẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ó gba ìlú Ọlá kọjá, ó rí oko kan tí wọ́n gbin irúgbìn tí ìjọba ń tà. Àgbàdo ibẹ̀ gbọmọ méjì-méjì, ó rí bọ̀kọ̀tọ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sinmi mọ́ títí tó fi délé.

Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó yínmú.

"Àgbàdo tí o ò mọ ìyá ẹ̀, tí o ò mọ bàbá ẹ̀, lo fẹ́ gbé wọlé?"

"Ìyá, ẹ wo tiwa bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ́ kó tó hù."

"Kòkòrò a jẹ tiẹ̀, àwa náà a jẹ tiwa. Ta ni kò ní jẹun? Tó bá dọdún tó ń bọ̀, o tún máa lọ rà á? Àgbẹ̀ tó ń fowó ra irúgbìn, kí ló fi yàtọ̀ sí ará ọjà?"

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ ìyá náà ní orí, ó ní ìdí. Ti Matthias náà sì ní. Ibi tí wọ́n ti ń fà á lọ fà á bọ̀ ni Adéyẹmọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ nípa irúgbìn tuntun, gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ẹ̀jìgbò. Ó tú àpò kan. Àgbàdo inú rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún.

"Oògùn ni wọ́n fi pa á lára, Bàbá Bọ́látitó," ni ó wí fún Matthias. "Kòkòrò ò ní sún mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí adìẹ jẹ ẹ́ o."

Matthias rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ wo ló ń jẹ́ kí adìẹ jẹ irúgbìn? Ó rà á, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìdajì oko ni òun máa fi gbìn ín, ìdajì yòókù á jẹ́ ti àjà.

"Oògùn wà lára ẹ̀, Ìyá."

"Oògùn?"

"Oògùn òyìnbó."

Ìyá náà yíjú wo àpò náà. Ikọ́ ti ń bá a fínra láti ìgbà ọyẹ́, abẹ́rẹ́ òyìnbó tí wọ́n gún un ní Ẹ̀jìgbò lẹ́ẹ̀kan nìkan ló tíì mú un sinmi. Kò tún bá ọmọ rẹ̀ jiyàn mọ́.

Nínú ilé wọn, irúgbìn tó bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ ìgbìn kì í padà sórí àjà. Wọ́n máa ń fi se ẹ̀gbo lọ́jọ́ náà ni, kí ilẹ̀ jẹ tiẹ̀, kí ilé jẹ tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbìn tán, Matthias bu èyí tó ṣẹ́ kù, funfun àti pupa, sínú igbá fún ìyá rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ìyá gbé e lọ sílé. Matthias àti Joanna ìyàwó rẹ̀ dúró lóko, wọ́n ń ro ẹ̀gbẹ́ ebè.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọlé. Joanna ló kọ́kọ́ dé ìdáná, ó sì ké pe ọkọ rẹ̀. Ìyá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ìtọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Omi inú ìkòkò ti di pupa. Kò fọ àgbàdo náà kó tó sè é, kí oògùn má baà ṣàn dànù.

"Oògùn yẹn le, Matthias," ni ó wí. "Mo ti bu tiyín sílẹ̀."

Matthias bojú wẹ̀yìn. Àwo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti Joanna, ọ̀kan kékeré ti Bọ́látitó ọmọ wọn. Ìyá fi ewé bo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí eṣinṣin má bà á. Kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Matthias da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú eérú.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé ìyá lọ sí Ẹ̀jìgbò. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ bi Matthias pé kí ni ìyá jẹ. "Oògùn," ni Matthias wí. "Oògùn kí ni?" Láti ọjọ́ tí Matthias ti ra àgbàdo náà, kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ìyá fi kú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tó fi ìfẹ́ sọ ọ́, ẹni tó fi ìfẹ́ gbọ́ ọ, ó fọ́ mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Àgbàdo ìjọba hù, ó gbọmọ méjì-méjì. Matthias ká a. Ó tún rà á lọ́dún kejì, nítorí kò lè bá àgbàdo jà. Ṣùgbọ́n ó lọ káàkiri Ọlá àti Ara, ó ń wí fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé: "Irúgbìn náà dára, ẹ gbìn ín. Májèlé ló wà lára ẹ̀."

Àwọn ènìyàn ń sá. Nígbà tí ó pẹ́, Adéyẹmọ wá bá a lóko, inú rẹ̀ kò dùn.

"Bàbá Bọ́látitó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń lé wọn sá. Oògùn ni kí ẹ máa pè é."

Matthias na ẹ̀yìn, ó gbé ọkọ́ lé èjìká.

"Oògùn lẹ pè é fún mi," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe pè é fún ìyá mi."