Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Ní Kí N Yọwọ́

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí mo kọ́kọ́ wa ọkọ̀ òfurufú nínú yàrá wa ní Amúkòkò. Orí kọ̀ǹpútà ni o!

Mo ra ọ̀pá ìdarí tòkunbọ̀ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní joystick, ní Ìjọrà. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo sì dì í mú ṣinṣin bí mo ṣe ń ṣètò rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá ti gbéra, apá òsì ló ń fì sí títí yóò fi já. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló já. Inú bí mi, mo fẹ́ lọ dá ọ̀pá náà padà.

Bàbá mi, tó wa kireni ní èbúté Àpápá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, jókòó lẹ́yìn mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o dì í mú nígbà tí o ń ṣètò rẹ̀?"

"Kó má bàa mì ni, sà."

"Yí i dé gbogbo ìkángun, kí o wá yọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ àárín rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe kireni láràárọ̀ nìyẹn."

Mo yọwọ́. Ọkọ̀ gbéra, ó dúró ṣánṣán! Nígbà tí a fò kọjá erékùṣù Snake Island, tí èbúté Àpápá yọ níwájú wa, bàbá mi fò dìde, wọ́n pariwo: "Ibi iṣẹ́ mi rèé!" Wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọkọ̀ náà kọ́kọ́ já lẹ́ẹ̀mẹfà.