Pátákó Ara Ògiri Bàbá

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ni èmi àti pátákó yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe nílùú òyìnbó níbí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kíà. Ilé bàbá wà lẹ́bàá páàkì Mayesbrook, níbi tí àwọn ilé ti jọra débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kí n tó rí tirẹ̀. Àárọ̀ ni mo máa ń lọ, màá tún padà nírọ̀lẹ́. Màá wẹ̀ fún un, màá wọṣọ fún un, màá se tíì, màá sì sáré jáde, torí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún wa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo ti ń bọ́ kóòtù mi ni mo ti gbójú sókè. Pákó dúdú gbọọrọ kan wà lára ògiri lókè iná gáàsì tó ń mú pálọ̀ gbóná, ó ní òrùlé kékeré lórí, àwọn àmì kan sì tò láti òkè wá sílẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn àmì náà yọ síta lára pákó, bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí láti kékeré. Ohun tí n kò mọ orírun rẹ̀, n kì í fojú kékeré wò ó.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ló ni ín," ó ní. "Ọmọ ilẹ̀ Japan ni. Ó ti kú. Ṣé kí n sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹ?"

"Rárá, sir. Ó di ọjọ́ mìíràn."

Oṣù mọ́kànlá ni ọjọ́ mìíràn yẹn ò fi dé. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í béèrè, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í rí àwáwí: bọ́ọ̀sì mi ń bọ̀, orí ń fọ́ mi, ẹlòmíràn ń dúró dè mí. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ẹni bá ka ọ̀rọ̀ òrìṣà sí ọ létí ti fi í sínú rẹ. Etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Nítorí náà, mo ń gbé omi àdúrà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì nínú ike kékeré. Bí bàbá bá wà nílé ìwẹ̀, màá sáré lọ wọ́n ọn sára pákó náà, màá ka sáàmù, màá fi àkísà nù ún kí ó má baà kán sílẹ̀.

Ọjọ́ kan ló ká mi mọ́bẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àkísà wà lọ́wọ́ mi. Àṣé ó rò pé mò ń nu eruku ni. "O ṣé o," ó ní, omi sì lé sí i lójú. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó mi ṣe máa ń nù ún." Ojú tì mí gan-an. N kò kúkú jáwọ́.

Ó máa ń béèrè ọkọ mi pẹ̀lú. "Ọkọ rẹ ńkọ́?" "Ó wà ní Nàìjíríà, sir." N kò parọ́. Nàìjíríà ló wà lóòótọ́: inú ilẹ̀ ló wà, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ n'Íjẹ̀bú. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ lé e lórí.

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Àánú àwọn èèyàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nílé. Tí mo bá lọ ra tòmátì, wọ́n á máa wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n á ní àánú ni. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ó mà ti gbàgbé o." Mo kó àwọn ọmọ ti ìyá mi, mo gba físà, mo ní kí n dé ibi tí wọn ò ti ní mọ̀ mí ní opó. Mo débẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò mọ̀, wọn ò sì béèrè. Yàrá kan ni mò ń gbé nínú ilé tí èmi àti àwọn ayálégbé yòókù kì í ríra. Inú fíríìjì nìkan la ti ń pàdé, mílíìkì tiwọn lápá kan, ike ọbẹ̀ mi lápá kejì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní kí àwọn opó jáde wá gbàdúrà, màá jókòó gelete, màá máa tún ìborùn mi ṣe. Mo dá wà, mo dá wà kọjá ohun tí mo lè fẹnu sọ, èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí òtútù dé, bàbá ṣubú. Àìsàn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Láti ọsibítù ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní apá Barking Riverside. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wá palẹ̀ ilé mọ́, ó sì pè mí torí pé kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìwé pélébé kan hàn mí, èyí tí bàbá ti kọ kó tó ṣubú: *Pátákó jẹ́ ti obìnrin tó ń bá mi nù ún.*

Mo fẹ́ kọ̀. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n arábìnrin náà ti sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri, ó ti dojú rẹ̀ dé, mo sì rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ìyàwó bàbá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ojú mi ti kà á tán kí ọkàn mi tó sọ pé kó má kà á.

Ìfilọ̀ ìjọba ilẹ̀ Japan ni. Oríta abúlé àwọn baba ńlá ìyàwó bàbá ni wọ́n gbé e kọ́ sí láyé àtijọ́, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Yíǹkì ló dáàbò bo abẹ́ àwọn àmì náà. Òjò jẹ ìyókù pákó wọlé, ni wọ́n fi yọ síta. Ohun tí ìjọba wí ni pé: ẹ ṣe ohun tó tọ́ sí òbí, sí aya, sí ọ̀rẹ́. Ẹ ṣàánú ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú, àti opó, àti ọmọ òrukàn, àti arúgbó tí kò bímọ, àti aláìsàn. Ẹ má pànìyàn, ẹ má sun ilé, ẹ má jalè.

Mo jókòó sórí àga bàbá. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe n'Íjẹ̀bú? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń lẹ ìwé ìfilọ̀ mọ́ pátákó ní ọ́fíìsì káńsù! Ẹ má da ilẹ̀ sí ojú àgbàrá. Ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀. Èmi yìí náà ló wá ń fi omi àdúrà lé ìfilọ̀ káńsù jáde. Nígbà tí mo sọ fún wòlíì wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti sunkún ṣáájú.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo fi ìró wé pátákó náà, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ bá bàbá. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo bá a, ó ń wo odò. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tí mo tú ìró.

"Bàbá," mo ní, "ẹ ti ń sọ pé kí n gbọ́ ọ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú, ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú: ọmọ òrukàn, arúgbó tí kò bímọ. Bàbá mi orí. Ó fi ọwọ́ òsì lu pákó, ó tún lù ú. Àṣé ó mọ̀ ọ́n sórí látòkèdélẹ̀, ó sì mọ̀ pé mo ti fo ẹnì kan.

Mo padà sẹ́yìn. "Opó," mo ní. Mo gbé ìka sí àyà tèmi náà. "Ọkọ mi ti kú, sir. Ó ti pé ọdún mẹ́rin."

N kò tíì sọ gbólóhùn yẹn rí láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń wẹ̀ fún bàbá, bí mo bá gbé apá tó ń dùn ún, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan náà ni mo máa ń sọ, n kò sì mọ̀ pé ó ń fetí sí i. Ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ ń wá ọ̀nà, ó ń wá ọ̀nà, títí ó fi rí i.

"Pẹ̀lẹ́," bàbá ní.